Kí ló dé tí aláwọ̀ funfun tí kò rí já jẹ fi ń tako ìrànwọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ní ọdún 2022, ohun ìní ìdílé aláwọ̀ funfun tó wà láàárín gbùngbùn (ìdajì ìdílé ní jù ú lọ, ìdajì kò ní tó o) tó 285,000 dọ́là, ti aláwọ̀ dúdú kò sì ju nǹkan bí 45,000 lọ. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun tálákà fi gbà pé àwọn gan-an ni wọ́n ń rẹ́ jẹ?

Ìdáhùn kìíní: Owó nìkan kọ́ ni ipò. Du Bois, onímọ̀ ìtàn àti àwùjọ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ ní 1935 pé òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun, bí owó ọ̀yà rẹ̀ tilẹ̀ kéré, ń gba ọ̀wọ̀ ní gbangba bí àfikún owó. Bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bá ń gòkè bọ̀, á dà bíi pé òun ló ń já wálẹ̀.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ ilé. Láti 1934 ni ìjọba ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀yáwó ilé, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ àdúgbò aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa sọ pé òógùn ojú bàbá òun nìkan ló kọ́ ọ (ta ni yóò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ òmíràn?), kò sì ní rí ìdí tó fi yẹ kí ìjọba ṣàtúnṣe kankan.