Òrùlé ilé bàbá wa ń jò, ẹ̀rù ògiri ń bà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé alámọ̀ tí bàbá wa kọ́ sí Ìbàdàn ni màmá wa ń gbé. Láti èṣí ni páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tó ń jò lójú ìṣó. Abọ́ la kàn ń gbé sábẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, síìlìn ti wú, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lókè bẹ́ẹ̀dì màmá. Mo fi ìka tẹ igi òrùlé kan lánàá, ìka mi wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀bà. Ikán ti jẹ ẹ́ tán.

Ògiri ló ń já mi láyà jù. Omi ń ṣàn gba ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ amọ̀ tó bá ti rin kì í pẹ́ ya lulẹ̀. Wáyà iná náà gba ibẹ̀ kọjá. Mo ti pa iná yàrá yẹn.

Káfíńtà kan ní ká fi ọ̀dà dí ojú ihò, òmíràn ní àfi ká tú gbogbo rẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé a lè kọ́kọ́ pààrọ̀ igi tó jẹrà, ká tó wá owó páànù? Màmá ò sì fẹ́ kúrò ní yàrá náà. Kí ni kí n sọ fún wọn kí òjò tó tún dé?