Oyin ta ẹ̀gbọ́n mi ní Ìdànrè, wọ́n ní háàtì àtáàkì ni

Wẹ́dà Ọba-Ilé:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 38, kòkó ló ń ṣe ní Ìdànrè. Kì í mu sìgá, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo lọ bá a ṣa kòkó. Bó ṣe na gọ̀gọ̀ sókè, ó kọ́ ẹ̀ka gbígbẹ kan, àṣé oyin ti ṣe afárá síbẹ̀. A sá dé ẹ̀gbẹ́ odò. Méjì péré ló ta èmi, ojú ibẹ̀ kàn wú ni. Tirẹ̀ tó mẹ́jọ, ọ̀kan wà lábẹ́ ojú. Mi ò tíì fi èékánná ha abẹ́rẹ́ wọn kúrò tán tí ara rẹ̀ fi lé wúlewúle, tí ètè rẹ̀ wú. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó fọwọ́ di àyà mú: "Àbúrò, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láyà." Òógùn bò ó, ó bì. Aṣọ rẹ̀ ni mo fi so ó mọ́ ara mi lórí ọ̀kadà kó má baà ṣubú.

Ilé ìwòsàn tá a dé, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n wo troponin, ohun tó máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ bí ọkàn bá fara pa, ó ga. Wọ́n ní háàtì àtáàkì. Mo ní oyin ló ta á, ẹni tó ń kọ fáìlì ní kí n jẹ́ kí òun ráyè. Mo ka ìwé tí wọ́n fún wa nígbà tá a ń lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí "oyin" níbẹ̀. Oògùn mẹ́rin ló ń lò báyìí. Àwọn ẹbí ní wọ́n ta á lọ́fà. Mo ní oyin ló ta á, ṣé ẹ ò rí ojú rẹ̀ ni?

Ṣé oyin lè fa háàtì àtáàkì? Àyẹ̀wò wo ló máa fi hàn?

Bàbá Ìbejì Òkè-Àró:
Pẹ̀lẹ́ o. Àgbo kan wà lọ́jà Ìsìkàn tó ń fọ ọkàn mọ́, kó dá oògùn òyìnbó yẹn dúró.

Nọ́ọ̀sì Ìjàpọ̀:
Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pa èèyàn fún wa.

Bọ̀dá Wẹ́dà, ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Kounis syndrome ni wọ́n ń pè é. Kounis àti Zavras, àwọn dókítà ará Gíríìsì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1991. Bí ara bá kọ nǹkan, ìbáà ṣe oyin, edé, penicillin tàbí diclofenac, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní mast cell á tú ẹrù wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wà lábẹ́ awọ, ìyẹn ni ara ṣe lé. Wọ́n wà nínú ọkàn náà, ohun tí wọ́n tú síbẹ̀ sì lè fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn pọ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀. Ó ń ṣe ẹni tí iṣan rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bí ọ̀rá bá ti wà nínú iṣan tẹ́lẹ̀, ọ̀rá yẹn lè ya kí ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tún lè dì sínú stent, ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fi la iṣan ọkàn sílẹ̀, lára ẹni tí wọ́n ti fi í sí.

ECG àti troponin kò mọ oyin. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ìyà ń jẹ ọkàn. Ìtàn tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an làyẹ̀wò àkọ́kọ́: ara lé, ètè wú, àyà dùn, tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tryptase, ọ̀kan lára ẹrù tí mast cell ń tú sílẹ̀, ló ń jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fà á, wọ́n á sì fa òmíràn lẹ́yìn wákàtí 24 kí wọ́n fi wéra. Ìyẹn ti kọjá. Síbẹ̀ ẹ ní kí wọ́n wo tryptase rẹ̀ báyìí, torí àwọn kan wà tí tiwọn ga nígbà gbogbo, oyin sì máa ń le sí irú wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán iṣan ọkàn, ẹ tètè sọ pé ara rẹ̀ máa ń kọ nǹkan, torí oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan fún àwòrán náà lè fa irú rẹ̀.

Ẹ wo páálí oògùn rẹ̀. Ṣé èyí tó parí sí "-olol", oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́, wà níbẹ̀?

Wẹ́dà Ọba-Ilé:
Ó wà níbẹ̀ mà. Bisoprolol.

Nọ́ọ̀sì Ìjàpọ̀:
Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ o. Ẹ bi dókítà ọkàn: bí oyin bá tún ta á, oògùn yẹn lè má jẹ́ kí adrenaline ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ adrenaline, abẹ́rẹ́ inú itan, ló ń gba ẹ̀mí ẹni tí ara rẹ̀ kọ oyin. Dókítà ló máa wọn méjèèjì wò.

Wẹ́dà Ọba-Ilé:
Ẹ ṣeun mà. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú aago tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń lọ rí dókítà ní Ọ̀wọ̀. Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ "OYIN" sókè, kò sẹ́ni tó máa ní òun ò rí i. Òun ní tiẹ̀, ta ni yóò ká kòkó tó kù ló ń bi mí.