Scope (awò orí ìbọn) àti rangefinder (ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹran ṣe jìnnà tó) fún ọta subsonic (èyí tí kì í yára tó ohùn): kí lẹ fi ń yan tiyín?

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbọn .300 Blackout, ọta 220 grain (ìwọ̀n ìwúwo ọta), ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní Texas, kò ní kọjá yáàdì 150. Scope wo ló tọ́? Ṣé rangefinder pọn dandan?

Bàbá Ìbejì: Ó pọn dandan ju scope lọ. Ọta tó ń sá ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń tẹ̀ wálẹ̀ bí òkúta kànnàkànnà ni. Lórí ìbọn AR, tí ẹ bá zero rẹ̀ sí yáàdì 100 (ẹ tún scope ṣe kí ọta bá ojú ibi tẹ́ ẹ wò níbẹ̀), ó ti wálẹ̀ ní bí íǹṣì 13 kó tó dé 150. Ní 200, bí íǹṣì 36. Tí ẹ bá wá fojú díwọ̀n 200, kó sì jẹ́ 210, ìyẹn nìkan jẹ́ íǹṣì 4, ẹran á sì gbé ọgbẹ́ sá wọgbó.

Àdùkẹ́ H.: Zero 100 kẹ̀? Ní 50 ọta á máa gba íǹṣì 3 lókè ojú ibi tẹ́ ẹ wò. Ẹlẹ́dẹ̀ tó wá jẹ àgbàdo lálẹ́, 50 náà ló máa ń wà. Ẹ zero sí 75: íǹṣì kan àbọ̀ lókè ní 50, bí íǹṣì 4 nísàlẹ̀ ní 100.

Bàbá Ìbejì: Àǹtí, mo gbà fún 50. Ẹni tó ń yí turret (bọ́tìnnì scope tó ń tún ojú ìwò ṣe), 100 ló rọrùn fún un.

Ògbójú: Ẹ ń pín ẹran tí ẹ ò tíì pa. Ẹ ra chronograph (ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọta ṣe ń yára tó) ná! Iyara tí wọ́n kọ sára páálí lè má bá ti ìbọn yín mu, pàápàá tí bárẹ́ẹ̀lì bá kúrú. Láàárín ọta 1,000 sí 1,050, ìyàtọ̀ ò tó íǹṣì 2 ní yáàdì 100, ṣùgbọ́n ní 200 ó tó íǹṣì 7. Kò sí scope tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ọmọ Ọdẹ: Reticle (ilà inú scope) BDC, tí wọ́n ti ṣírò bí ọta ṣe ń wálẹ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ọta 5.56 ńkọ́?

Ògbójú: Rárá o.

Àdùkẹ́ H.: Ọta tó ń sá ní ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ìṣirò àwọn ilà yẹn. Reticle mil (mil kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó) ni kí ẹ wá: láti zero 100, 150 jẹ́ bí mil 2.4, 200 jẹ́ 5. Kó sì jẹ́ first focal plane, tí ilà rẹ̀ ń tóbi, tó ń kéré pẹ̀lú zoom. Second focal plane, tí ilà rẹ̀ kì í yí padà, sábà máa ń péye níbi zoom tó ga jù nìkan. Tí ẹ bá dín in kù láti 10 sí 5, ilà á purọ́ fún yín.

Akin_ATL: Kò sẹ́ni tó ń rántí parallax. Wọ́n sábà máa ń tò ó sí yáàdì 50 lórí scope ìbọn kékeré .22, ti ìbọn ńlá sí 100. Ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, ẹ mi orí díẹ̀ láìfọwọ́ kan ìbọn. Tí ilà bá ń rìn lójú àmì, parallax nìyẹn. Ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bàbá Ìbejì: Òótọ́ ni. Ní ti rangefinder, yáàdì 1,000 tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ti ohun tó ń tan iná padà ni. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ fún àgbọ̀nrín. Níbi tí koríko bá ga, ẹ yí i sí last target (kó wọn ohun tó jìnnà jù), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ koríko iwájú ló máa wọ̀n fún yín. Tí ẹ bá wà lórí igi, kó ní ìṣirò ìdagẹ̀rẹ̀: yáàdì 100 ní digíríì 30, bíi 87 ni kí ẹ fi yìn ín.

Kọ́lá T.: Ṣé òótọ́ ni pé subsonic lè dún pàà nínú òtútù?

Ògbójú: Ohùn ń sá ẹsẹ̀ bàtà 1,125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní 20°C, 1,087 ní 0°C. Ọta 1,090 á yára ju ohùn lọ ní 0°C, á sì dún.

Akin_ATL: Ẹ̀tù náà ń falẹ̀ nínú òtútù, ẹ̀gbọ́n. Ọta á falẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ògbójú: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀tù. Ẹ má kọjá 1,050.

Àdùkẹ́ H.: Ọmọ Ọdẹ, tí ẹ bá tún ń yin supersonic (ọta tó yára ju ohùn lọ) nínú ìbọn kan náà, ẹ zero wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì náà, kì í ṣe òkè àti ilẹ̀ nìkan.