Kβ sí Kα ti bàbà: kí ló dé tí tèmi fi ga tó báyìí?

Akẹ́kọ̀ọ́Fisíìsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, nǹkan yìí ti tó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n wọn réṣíò ẹ̀ksíréè Kβ sí Kα ti bàbà, ìyẹn oríṣi ẹ̀ksíréè méjì tí átọ́ọ̀mù bàbà máa ń tú jáde. Mi ò rí fóìlì rà, ni mo bá bó wáyà iná, mo fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ títí ó fi fẹ̀ bí èékánná àtàǹpàkò, mo fi sánpépà ha ojú ẹ̀ títí ó fi pupa yòò. Mo gbé e síwájú sọ́ọ̀sì Cd-109 (kádímíọ́mù tó ń tú ẹ̀ksíréè jáde), dìtẹ́kítọ̀ sílíkọ́ọ̀nù wà ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí i, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kα tó wà ní 8.05 keV (keV ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀ksíréè) fún mi ní ẹ̀ksíréè 42,000 tí dìtẹ́kítọ̀ kà, Kβ tó wà ní 8.90 fún mi ní 7,056. Tẹ́ ẹ bá pín in, 0.168 ni. Gbogbo ìwé tí mo kà, nǹkan bí 0.138 ni wọ́n ń sọ! Ṣé dìtẹ́kítọ̀ ló bàjẹ́ ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà?

ÌyáLáàbù:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀, dìtẹ́kítọ̀ ẹ ò ṣe nǹkan kan. Bàbà ẹ ló nípọn jù. Nínú átọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún 0.138 náà ló ń ṣẹlẹ̀: àyè ṣófo nínú K, ìpele ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sún mọ́ àárín átọ́ọ̀mù jù, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá já bọ́ láti L, ìpele tó tẹ̀ lé e, Kα nìyẹn, tó bá wá láti M tó tún jìnnà sí i, Kβ ni. Àmọ́ kì í ṣe ojú bàbà nìkan ni wọ́n ti ń jáde, àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ la ara bàbà kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, bàbà sì máa ń gbé ẹ̀ksíréè ara ẹ̀ mì. Kα ò lágbára tó Kβ, òun ló sì ń gbé mì jù. Torí náà Kβ ò pọ̀ sí i rárá o, Kα ló ń kú sọ́nà.

Alákọsílẹ̀Òru:
Òótọ́ ni ÌyáLáàbù sọ, jẹ́ n fi nọ́ńbà tì í. Bàbà ń gba Kα mọ́ra ní bí 52 cm²/g (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni bàbà ṣe ń gbé e mì tó), Kβ ní bí 39, ẹ̀ksíréè 22 keV tó ń ti inú sọ́ọ̀sì ẹ wọlé ní bí 25. Tí ó bá nípọn débi tí nǹkan ò lè la ibẹ̀ kọjá, tí igun tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé àti èyí tó gbà jáde sì jẹ́ ọgbọọgba, wàá pín (52+25) sí (39+25), ìyẹn 77 lórí 64, bí 1.20. Fi pín 0.168 ẹ, kí o wò ó.

Kí o má sì gbàgbé afẹ́fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 yẹn o, òun náà ń jẹ Kα díẹ̀ ju Kβ lọ, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Akẹ́kọ̀ọ́Fisíìsì:
Haa! 0.140! Tí mo bá yọ ti afẹ́fẹ́, 0.138!! Igun 45 ni méjèèjì. Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú dìtẹ́kítọ̀ yẹn palẹ̀ lálẹ́ àná.

ÌyáLáàbù:
Má tú nǹkan kan! Àmọ́ kọ àṣìṣe ẹ sí i. Gbòǹgbò 7,056 jẹ́ 84, ìyẹn ìdá 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún lórí Kβ nìkan, kó o tó fi ti gbogbo nǹkan tó kù kún un. Inú mi kì í dùn tí ọmọ bá gbé 0.138 wá láìsí plus or minus lára ẹ̀. Tó o bá rí fóìlì tó tín-ín-rín bíi máíkírọ́ọ̀nù kan, bàbà ò ní rí àyè yí réṣíò ẹ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ló dáa jù fún ẹ. Má sì fi idẹ dípò o, síńkì inú ẹ̀ ní Kα tiẹ̀ ní 8.64, á lọ jókòó ti Kβ bàbà.

Omi_Aláwọ̀Àlùkò:
Ẹ jọ̀ọ́ èmi náà fẹ́ bèèrè, máńgánísì ni tèmi. Mo gbọ́ pé réṣíò yìí máa ń yí díẹ̀ tó bá jẹ́ pé KMnO₄ (máńgánísì tó so pọ̀ mọ́ pòtásíọ́mù àti ọ́síjìn) ni kì í ṣe máńgánísì gidi, ṣé òótọ́ ni?

Alákọsílẹ̀Òru:
Òótọ́ ni. Nínú KMnO₄, ọ́síjìn ti fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 3d máńgánísì lọ, ìyẹn kan àwọn 3p tí Kβ ti ń wá (3d àti 3p, inú ìpele M ni méjèèjì wà), réṣíò a gòkè. Àmọ́ ìdá mélòó kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni, torí náà 7,056 ò lè tó ẹ, kà tó 40,000 nínú Kβ kí àṣìṣe ẹ lè wálẹ̀ sí ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ̀ ọ́ kúnná dáadáa, kí o sì tún ìṣirò àgbémì yẹn ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí KMnO₄ ṣe ń gba nǹkan mọ́ra yàtọ̀ sí ti máńgánísì gidi. Irin ni kó o sá fún jù: Kα irin wà ní 6.40, Kβ máńgánísì ní 6.49, dìtẹ́kítọ̀ tó ń rí ìyàtọ̀ bí 0.14 keV ò lè yà wọ́n. Má fi ọ̀bẹ irin kan pówúdà yẹn.

Omi_Aláwọ̀Àlùkò:
Yéè, ọ̀bẹ irin ni mo fi bù ú! Ó yá, ṣíbí oníke ni lọ́la.