Ìyẹ̀fun kóró ọ̀pọ̀tọ́ nínú ògì ọmọ oṣù 9: kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?

Ìyá Àríkẹ́, Ṣakí

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìgbòho, wọ́n sì gbé ike ìyẹ̀fun kan wá fún ọmọ. Wọ́n ní kóró inú ọ̀pọ̀tọ́ ni, èyí tó máa ń so ṣùù lára igi lóko wọn. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n yan án díẹ̀, wọ́n wá lọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n máa bu ṣíbí tíì kan sínú ògì ọmọ láàárọ̀, kí n bu ọ̀kan lálẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ ni, egungun ni.

Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 9. Nígbà tí a lọ gba abẹ́rẹ́ ìgbóná èéyi, nọ́ọ̀sì wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó fa ìpéǹpéjú ẹ̀ wálẹ̀ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jọ pé kò tó, kí n mú un lọ ṣe àyẹ̀wò. Mi ò tíì lọ. Òórùn ìyẹ̀fun yẹn dáa, àwọ̀ ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n tí mo bá fi ìka méjì fọwọ́ ra á, ó ṣì ń ṣe kẹrẹkẹrẹ bí iyanrìn.

Kí ló wà nínú kóró yìí? Ṣé áyọ́ọ̀nù tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ àti kálíṣíọ̀mù tó ń ṣe egungun tí wọ́n ń wí wà níbẹ̀ lóòótọ́? Kò ní dà á nínú rú? Ẹ má bá mi bú Màmá o, inú rere ni wọ́n fi ṣe é.

Ọmọ Àgbẹ̀

Àwa jẹ ọ̀pọ̀tọ́ dàgbà, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Àmọ́ ewé ẹ̀ ni mo mọ̀ tí àwọn àgbà ń sè mu fún ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe kóró. Ta ló tiẹ̀ ráyè ṣa kóró wẹ́wẹ́ yẹn jọ tó fi kún ike? Màmá yín gbìyànjú.

Yàrá Àyẹ̀wò

Ìyá Àríkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìmọ̀ oúnjẹ ni mo kọ́, ibi tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ wò ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Kóró ọ̀pọ̀tọ́ kì í ṣe nǹkan òfìfo. Èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò jù ni ti ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n ń gbìn ní Tọ́kì àti káàkiri etí òkun Mẹditaréníà, Ficus carica. Òróró tó wà nínú kóró yẹn tó nǹkan bí ìdá 25 sí 30 nínú 100. Nínú òróró náà, Omega-3 irú ti ewéko ló pọ̀ jù, ó tó nǹkan bí ìdá 40. Omega-6 tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ìdá 30, irú ọ̀rá tó pọ̀ nínú òróró ólífì sì kó nǹkan bí ìdá 20. Fítámì E náà wà níbẹ̀. Òróró gidi ni, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ tí wọ́n bá ti lọ kóró tán tí atẹ́gùn rí i. Ẹ tọ́ ìyẹ̀fun yẹn wò fúnra yín. Tó bá korò tàbí tó ń ta yín lọ́fun, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́ mọ́.

Ti inú igbó tiwa, Ficus sur (àwọn ìwé àtijọ́ ń pè é ní Ficus capensis), ìkọ́ kan wà nídìí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Òdòdó ọ̀pọ̀tọ́ kì í yọ síta, inú ohun tí à ń pè ní èso yẹn ló wà. Agbọ́n tíntìntín kan ló ń gba ihò kékeré ẹnu èso wọlé lọ yé ẹyin. Òdòdó kan á di kóró, òdòdó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á di ilé tí ọmọ agbọ́n ń gbé, lójú lásán ẹ ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí Màmá lọ̀ kì í ṣe kóró nìkan. Ilé agbọ́n tó ti ṣófo á wà níbẹ̀, agbọ́n tí kò rọ́nà jáde náà lè wà níbẹ̀. Kò ní pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó máa ń da ìṣirò rú. Purotéènì fúnra ẹ̀ kọ́ la máa ń wọ̀n. Náítírójìn tó máa ń wà nínú purotéènì la ń wọ̀n, a ó wá sọ ọ́ di ìlọ́po 6.25. Náítírójìn tó ti ara agbọ́n wá, ẹ̀rọ á kà á mọ́ ti kóró, kò mọ èwo ni èwo. Torí ẹ̀ ni mi ò fi ń gba ìwé gbọ́ tó bá ní kóró ọ̀pọ̀tọ́ igbó kún fún purotéènì, àfi tí wọ́n bá sọ pé àwọn kọ́kọ́ dà á sómi. Èyí tó yọmọ nínú á rì, èyí tó ṣófo á léfòó.

Ó wá ku áyọ́ọ̀nù, èyí tó ká yín lára. Ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ ti ọjà, odidi ẹ̀ tòun ti kóró, 100 gíráàmù ẹ̀ ní nǹkan bíi milígíráàmù 2 áyọ́ọ̀nù àti milígíráàmù 162 kálíṣíọ̀mù. Ọmọ oṣù 7 sí 12 nílò milígíráàmù 11 áyọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ìyẹ̀fun inú ṣíbí tíì kan tó nǹkan bíi gíráàmù 3. Tí a bá fi ti ọjà ṣírò, ṣíbí méjì lójúmọ́ á fún ọmọ ní milígíráàmù 0.12. Ká tiẹ̀ ní ti igbó fi ìlọ́po mẹ́wàá jù ú lọ, 1.2 ni. Èyí tó kù ńkọ́?

Ara ọmọ kò sì ní rí gbogbo ẹ̀ lò. Fáítéètì àti táníìnì máa ń wà nínú irú kóró bẹ́ẹ̀, wọ́n á so mọ́ áyọ́ọ̀nù, wọ́n á bá ìgbẹ́ jáde. Rírẹ sínú omi àti jíjẹ́ kó di kíkan, bí a ṣe ń ṣe ògì, ló máa ń dín fáítéètì kù dáadáa. Yíyan nìkan kò tó.

Kẹrẹkẹrẹ tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn, èèpo kóró ni. Ó le débi pé àdán á jẹ ọ̀pọ̀tọ́, á yàgbẹ́ kóró ẹ̀ síbòmíì, kóró náà á sì hù. Èyí tí kò bá kúnná, bó ṣe wọlé ló ṣe máa jáde.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé

Ìyá Àríkẹ́, ọ̀la kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ fún PCV, àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ aràn, ó lè jẹ́ jínótáìpù, ó sì lè jẹ́ oúnjẹ. Ìyẹ̀fun kankan kò lè sọ èwo ni fún yín. Ẹ má lọ ra áyọ́ọ̀nù olómi fúnra yín o, bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ní báyìí ná, ẹ máa fi ẹ̀dọ̀ sísè tí ẹ lọ̀ kúnná, ẹja tí ẹ ti yọ eegun ẹ̀, ẹyin tó jinná àti ẹ̀wà sí oúnjẹ ẹ̀. Ẹ fún un ní ọsàn díẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà. Ọyàn kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró.

Ọmọ Àgbẹ̀

Ẹ ti sọ oúnjẹ di máàsì. Àwọn ìyá wa ò wọn gíráàmù kankan.

Yàrá Àyẹ̀wò

Wọn ò wọ̀n ọ́n lóòótọ́, Ọmọ Àgbẹ̀. Wọn ò sì fi tọ́jú ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kò tó, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ewé ni.

Ìyá Àríkẹ́, Ṣakí

Ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀la la máa lọ. Ṣé tí mo bá tún un lọ̀, tí mo fi aṣọ kù ú, mo ṣì lè fún un díẹ̀díẹ̀? Àti pé kí ni kí n sọ fún Màmá? Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń padà sílé.

Yàrá Àyẹ̀wò

Ti ọmọ, rárá. Ikùn ẹ̀ kéré, ohun tí kò lè fún un ní áyọ́ọ̀nù kò yẹ kó gba ààyè ẹ̀dọ̀ àti ẹyin. Ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ lè máa fi sínú ògì tiyín tí kò bá tíì korò, ó dáa fún ìgbẹ́ tó ń le. Ẹ gbé e sínú fíríìjì, kẹ́ ẹ dé e pa.

Kẹ́ ẹ sì bá mi sọ fún Màmá pé tí wọ́n bá tún máa ṣa á, kí wọ́n fi èyí tí àdán ti gé jẹ sílẹ̀. Kí wọ́n má sì ká èyí tí kò tíì pọ́n: oje funfun ara ẹ̀ máa ń yún èèyàn lára, ti Tọ́kì yẹn tiẹ̀ máa ń léròrò síni lára tí oòrùn bá pa á.

Ìyá Ìbejì

Ẹ má parọ́ fún Màmá, ẹ má sì kó ìwé àyẹ̀wò síwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín gbé ọmọ lọ síbi PCV yẹn, kí nọ́ọ̀sì fẹnu ara ẹ̀ bá wọn sọ ọ́. Ìyá ọkọ tèmi ò gba ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ lẹ́nu mi rí, àmọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì bá ti sọ, òun gan-an ló máa ń bá mi pariwo ẹ̀ káàkiri àdúgbò.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ forí jì mí pé mo já wọlé. Bàbá mi wà lọ́dọ̀ mi níbí, kíndìnrín wọn ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ torí ìgbẹ́. Mo rò pé èso lásán ni.

Yàrá Àyẹ̀wò

Kì í ṣe èso lásán fún wọn. 100 gíráàmù ẹ̀ ní nǹkan bíi milígíráàmù 680 pọtáṣíọ̀mù, kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa kì í lè kó o jáde bó ṣe yẹ, tó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn ló ń bá jà. Ṣúgà ẹ̀ náà sún mọ́ gíráàmù 48. Ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú kíndìnrín wọn lónìí, ẹ sọ iye tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ sì béèrè oògùn ìgbẹ́ tó bá ipò wọn mu. Kí Bàbá dá ọ̀pọ̀tọ́ náà dúró ná.