Irorẹ́ ojú ọmọ mi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Okun o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Kàbà ni mo ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, ni irorẹ́ bo iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Kò fẹ́ bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Aládùúgbò kan ní kó máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣe é tó fi jáde sínú oòrùn, ni ojú bá bó, ó sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Mo ti wá mọ̀ pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn kì í bára wọn gbé lára èèyàn. A ti jáwọ́. Ọṣẹ dúdú náà ń ta á, ó ń mú ojú rẹ̀ gbẹ.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le ló fi ń bọ́jú báyìí, láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo ní kó má fọwọ́ tẹ irorẹ́ kankan. Ìpara tó ń bó ara kò ní wọ ilé mi láéláé.

Ta ló ti lo oyin gidi rí? Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ fi sílẹ̀ lójú? Òrí wa yìí ńkọ́, ṣé kò ní dí ihò ara ẹni tí ojú rẹ̀ ń yọ òróró? Mo gbin aloe vera sẹ́yìnkùlé; báwo lẹ ṣe ń ro omi pupa rúsúrúsú tó ń yúnni lára yẹn dànù kí ẹ tó lò ó?