Ta ló lo Django kí ọdún 2006 tó parí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ kọ́òdù. Mò ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Django, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì ayélujára pẹ̀lú èdè kọ́òdù Python, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ní ọdún 2003, Adrian Holovaty àti Simon Willison ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World, ní Kansas, ní Amẹ́ríkà. PHP, èdè kọ́òdù mìíràn, ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó bọ́ sórí Python, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ Django. Iṣẹ́ ìròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí admin Django, ojú ìwé ìṣàkóso rẹ̀, fi wúlò tó bẹ́ẹ̀: akọ̀ròyìn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ síbẹ̀ láìpe ẹnì kankan. Ní oṣù keje ọdún 2005 ni wọ́n tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì fi orúkọ onígìtá nì, Django Reinhardt, sọ ọ́.

Ibi tí mo ti nílò yín nìyí. Nígbà náà, ohun tí àwọn tó ń lo Django ń kọ láti pe model (kọ́òdù tó ń ṣàpèjúwe dátà) wọn ni:

from django.models.polls import polls

Ìlà yìí ṣe bí ẹni pé inú Django ni model náà wà, bẹ́ẹ̀ inú fáìlì tí àwọn fúnra wọn kọ ló wà ní tòótọ́! Ẹ̀yà 0.95 ló mú idán yẹn kúrò ní 2006. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe tún kọ́òdù yín ṣe? Kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́? Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní fáìlì àtijọ́ kan, kódà ìlà mẹ́wàá péré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí. Ẹ ṣeun púpọ̀.